Orí Kẹfà: Àdéhùn Lórí Wáyà Kan

“Ẹ̀gbọ́n, ó ń sọ̀rọ̀ o, àmọ́ mi ò mọ èdè tó ń sọ.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì rèé tí àwa méjèèjì ti jókòó ti kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń jẹ́ Raspberry Pi 3 nínú yàrá mi ní Ìbàdàn. Ọwọ́ ara wa la fi ṣe kernel tó wà lórí káàdì rẹ̀. Bí a bá fi iná sí i, iná pupa kékeré ara rẹ̀ á tàn, síkírìnì á dúdú kirimù, ó parí náà nìyẹn. Nígbà tó sú wa, mo ní kó mú wáyà tín-ín-rín mẹ́ta wá. A ki ọ̀kan bọ ẹsẹ̀ GPIO 14, a ki ọ̀kan bọ GPIO 15, ẹ̀kẹta sì jẹ́ wáyà ilẹ̀. A so ìdí wọn mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká mi. Lójú ẹsẹ̀ ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ya jáde: àmì ìbéèrè, ìràwọ̀, àpótí òfìfo, lẹ́tà tí kò sí nínú ábídí ẹnikẹ́ni. Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ṣeé kà níbẹ̀.

Ojú ọmọ náà fà ro. Inú tèmi dùn, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ẹ̀rọ tó ń sọ kántankàntan kì í ṣe òkú. Wáyà wa pé, iná ń kọjá, kernel sì ti jí, ó ń ké. Ohun tó kù ni pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń gbọ́ kò tíì fẹnu kò lórí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Ìfẹnukò yẹn ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò nínú orí yìí, nítorí òun ni gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú ṣíṣètò ihò serial fún kernel dá lé.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí wáyà bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé igi kan ṣoṣo dábùú odò tí wọ́n fi ṣe afárá, ogún ènìyàn lè máa ti ọjà bọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò máa gorí igi náà, èkejì á tẹ̀ lé e. Bí serial ṣe rí nìyẹn. Bíìtì 8 ló wà nínú báìtì kan, ṣùgbọ́n wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé wọn lọ, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tò. Ẹ mú lẹ́tà A. Nọ́ńbà 65 ni kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n sí, ìyẹn 01000001. Ti ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń gun afárá: 1, lẹ́yìn náà 0 márùn-ún, lẹ́yìn náà 1, kí 0 tó kù tó kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó wà lódìkejì ṣe máa mọ̀ pé lẹ́tà ti ń bọ̀? Nígbà tí kò bá sí ọ̀rọ̀, ipò 1 ni wáyà máa ń wà. Àwọn tó ń tẹ wáyà láyé àtijọ́ ló fi ìyẹn lélẹ̀: wọ́n jẹ́ kí iná máa gba ojú wáyà kọjá kódà nígbà tí kò sí iṣẹ́, kí wọ́n lè tètè mọ̀ bí ó bá já lójú ọ̀nà. Bí lẹ́tà bá fẹ́ wọlé, wáyà á já wálẹ̀ sí 0 fún ìwọ̀n bíìtì kan. Ìyẹn ni kíkan ilẹ̀kùn. Bíìtì 8 á tẹ̀ lé e, wáyà á sì padà sí 1, ó kéré tán fún ìwọ̀n bíìtì kan, kí olùgbọ́ lè mí. Bíìtì 10 lápapọ̀ fún lẹ́tà kan. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ 8N1 sára ẹ̀rọ, ohun tó ń sọ nìyẹn: bíìtì ọ̀rọ̀ 8, kò sí bíìtì àyẹ̀wò, bíìtì ìparí 1.

Ibi tó le nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sí wáyà tó ń gbé aago. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń ka aago tirẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ náà ń ka aago tirẹ̀, wọn kò sì rí ojú ara wọn. Gbàrà tí wáyà bá já sí 0, olùgbọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kà, á wo àárín bíìtì kọ̀ọ̀kan bóyá 1 ni tàbí 0. Láti ìgbà tí wáyà ti já títí dé àárín bíìtì ìparí, ìwọ̀n bíìtì 9 àti ààbọ̀ ni. Bí aago méjèèjì bá fi ààbọ̀ bíìtì yàtọ̀ síra kí wọ́n tó débẹ̀, olùgbọ́ á ka bíìtì aládùúgbò dípò èyí tó yẹ. Ààbọ̀ nínú 9 àti ààbọ̀ lé díẹ̀ ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo àyè tí a ní kò ju ìyẹn lọ, ẹni méjèèjì ló sì ń pín in. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn. A máa padà sórí rẹ̀.

Ìyára tí bíìtì fi ń gba orí wáyà kọjá ni wọ́n ń pè ní baud, láti ara orúkọ Émile Baudot, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gba ìwé àṣẹ lórí ètò títẹ wáyà rẹ̀ ní ọdún 1874. Orúkọ tí Linux ń pe àwọn ihò wọ̀nyí gan-an ti dàgbà. Ẹ wo /dev/ttyS0. Teletype ni tty, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń gba ọ̀rọ̀ lórí wáyà tó sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Model 33, tó jáde ní 1963, ń lo baud 110, ó sì ń tẹ lẹ́tà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí pé bíìtì 11 ni lẹ́tà kan ń gbà lórí tirẹ̀. Bébà ti lọ, ẹ̀rọ náà ti lọ, orúkọ rẹ̀ ló kù sínú kernel.

Kí n tó kúrò lórí wáyà, ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò lè fò. RS-232, ìlànà ihò serial kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1960, ń fi fóòtì tó wà láàárín 3 sí 15 nísàlẹ̀ òdo ṣe 1, ó sì ń fi 3 sí 15 lókè òdo ṣe 0. Raspberry Pi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lo 3.3 fún 1, òdo fún 0. Ẹni tó bá mú wáyà ihò ẹlẹ́yín 9 tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà àtijọ́, tó kì í bọ ẹsẹ̀ GPIO ní tààrà, lè pa ẹ̀rọ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Chip kan gbọ́dọ̀ wà láàárín tó ń yí fóòtì padà. Kò sí ètò kan nínú kernel tó lè jí ẹsẹ̀ GPIO tó ti jóná.

Ó yá, a dé inú kọ̀ǹpútà. Chip tó ń ka bíìtì wọ̀nyí ni UART. Èyí tí IBM fi sínú PC rẹ̀ ní 1981 ni 8250 tí National Semiconductor ṣe, ìran rẹ̀ ló sì ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà títí di òní. Aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń lù nígbà 1,843,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Chip náà máa ń wo wáyà nígbà 16 láàárín bíìtì kan kó lè mọ àárín rẹ̀ dájú, nítorí náà ẹ fi 16 pín aago yẹn, ẹ ó rí 115,200. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà tí gbogbo oníkọ̀ǹpútà ti há sórí ti wá. Bí ẹ bá fẹ́ 9600, ẹ ní kí chip náà tún fi 12 pín in. Bí ẹ bá fẹ́ 115,200, ẹ kọ 1. Kò sí ibì kankan nínú chip náà tí wọ́n ti ń kọ “9600”. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pín ni wọ́n ń kọ, ẹni tó sì fẹ́ mọ nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí aago ṣe ń lù.

Kernel ló ń kọ nọ́ńbà yẹn. Ekùrọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì yẹ ẹ́, nítorí àárín gbùngbùn Linux ló wà bí ekùrọ́ ṣe wà nínú ẹyìn. Apá kernel tó mọ bí a ṣe ń darí irú ẹ̀rọ kan ni dírẹ́bà, ẹni tó sì mọ ọkọ̀ akérò wà kọ́ ló mọ tírélà wà. Mo fẹ́ràn láti máa rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ létí pé ihò serial wà lára ohun tó bí Linux. Ní 1991, ní Helsinki, Linus Torvalds fẹ́ máa ti ilé bá kọ̀ǹpútà yunifásítì rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí módẹ́ẹ̀mù. Ó kọ ètò tó ní iṣẹ́ méjì: ọ̀kan ń ka kíbọọ̀dù, ó ń kó o fún módẹ́ẹ̀mù, èkejì ń ka módẹ́ẹ̀mù, ó ń kó o sójú síkírìnì. Ètò yẹn ló ń fẹ̀ títí tó fi di kernel. Theodore Ts'o ló tọ́jú dírẹ́bà serial nígbà tí Linux ṣì kéré. Nígbà tó yá, Russell King tún un tò, ó ya ohun tó jẹ́ ti gbogbo UART sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó jẹ́ ti ìran 8250 nìkan.

Kí ni dírẹ́bà gbọ́dọ̀ mọ̀? Ibi tí chip wà, ọ̀nà tí chip ń gbà pè é, bí aago rẹ̀ ṣe ń lù, àti irú chip tó jẹ́. Lórí PC àtijọ́, chip kò lè dáhùn pé “èmi rèé”. Àṣà ló wà: ihò kìíní wà ní àdírẹ́sì 0x3F8, ó ń pe CPU lórí ọ̀nà ìpè tí wọ́n ń pè ní IRQ 4, ìkejì wà ní 0x2F8 lórí IRQ 3, ìkẹta wà ní 0x3E8, ó tún padà lo IRQ 4, ìkẹrin wà ní 0x2E8 lórí IRQ 3. Dírẹ́bà á lọ sí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan, á kọ nǹkan sínú rẹ́jísítà, á kà á padà. Bí ohun tó kọ kò bá padà wá bó ṣe yẹ, ó mọ̀ pé ilé òfìfo ni. Ó tún lè ní kí chip náà yí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ padà sí etí ara rẹ̀, kó wò ó bóyá ó gbọ́. Mo ka ibi yẹn nínú kóòdù nígbà àkọ́kọ́, ó sì wú mi lórí: àwọn tó kọ ọ́ kò gba chip kankan gbọ́ títí tó fi jẹ́rìí ara rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni dírẹ́bà á wo bóyá chip náà ní àpò. Lórí 115,200, lẹ́tà 11,520 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn lẹ́tà kan ní ìwọ̀n ìdá 87 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. 8250 kò ní àyè ju ti lẹ́tà kan tó ń dúró dè wá. Bí ọwọ́ kernel bá dí, tí kò yọjú kí òmíràn tó dé, tuntun á gorí ti àtijọ́, ti àtijọ́ á sọnù pátápátá. 16550A ló mú àpò lẹ́tà 16 tó ṣeé gbára lé wá. 16550 tó ṣáájú rẹ̀ ní àpò náà, ṣùgbọ́n àpò rẹ̀ ní àbùkù. Linux máa ń ní kí 16550A pe òun nígbà tí lẹ́tà 8 bá ti wà nínú àpò. Àyè lẹ́tà 8 ṣì kù nígbà yẹn, èyí tó fún kernel ní nǹkan bí ìdá 7 nínú ẹgbàárùn-ún ìṣẹ́jú àáyá láti dáhùn. Lójú tiwa, kò tó ìṣẹ́jú. Lójú CPU, ọ̀sán gbọọrọ ni. Bí dírẹ́bà bá ṣi chip mọ̀, tó pe 16550A ní 8250, àpò á wà níbẹ̀ láìlò, lẹ́tà á sì máa jábọ́. Ẹ lọ wo /proc/tty/driver/serial: níbi tí ẹ bá ti rí oe, iye ìgbà tí lẹ́tà ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ ni, fe ní tirẹ̀ ni iye ìgbà tí bíìtì ìparí kò sí níbi tó yẹ kó wà. Oe ń sọ pé kernel pẹ́ kó tó yọjú. Fe ń sọ pé aago kò dọ́gba.

Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ ohun tí dírẹ́bà ń wá, ojú ìwé ìṣètò kernel kò ní bà yín lẹ́rù mọ́. Ẹ tẹ make menuconfig, ẹ wọ inú Device Drivers, lẹ́yìn náà Character devices, lẹ́yìn náà Serial drivers. Èyí tó ga jù níbẹ̀ ni CONFIG_SERIAL_8250. Ìdáhùn mẹ́ta ló gbà: y, kó wà nínú kernel fúnra rẹ̀, m, kó jẹ́ fáìlì lọ́tọ̀ tí kernel á gbé wọlé nígbà tó bá yá, n, kó má sí rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yan m nítorí wọ́n fẹ́ kí kernel fúyẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ fi ihò náà ka ìwọ̀n òṣùwọ̀n tàbí kí ẹ fi bá inverter sọ̀rọ̀, m dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yan m, ẹ ó rí i pé CONFIG_SERIAL_8250_CONSOLE kò ní í sí fún yín láti yàn. Kernel kò fẹ́ fìyà jẹ yín. Orí dísíìkì ni fáìlì m ń gbé. Kí kernel tó lè dé ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti rí dísíìkì, ó gbọ́dọ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka ohun tó wà lórí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wá bàjẹ́ kó tó débẹ̀, ẹnu wo ni yóò fi sọ? Ẹni tó bá fẹ́ kí kernel ké láti ìgbà ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ fi ẹnu bí i.

Nọ́ńbà méjì tún wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í kà. CONFIG_SERIAL_8250_NR_UARTS ni iye ihò tó pọ̀ jù tí dírẹ́bà lè tọ́jú. CONFIG_SERIAL_8250_RUNTIME_UARTS ni iye tí yóò ṣí sílẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan mìíràn. 4 ni méjèèjì bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn wọ́n. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ra káàdì oníhò 8, ihò 4 ṣoṣo ló yọjú, tí wọ́n sì dá káàdì padà fún ẹni tó tà á. Kò sí ohun tó ṣe káàdì náà. Kí wọ́n sọ NR_UARTS di 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sì fi 8250.nr_uarts=8 sí ìlà àṣẹ kernel ni.

Ìlà àṣẹ yẹn náà la fi ń sọ ibi tí kernel yóò máa kọjú sí tó bá ń sọ̀rọ̀: console=ttyS0,115200n8. Ẹ lè kọ console lẹ́ẹ̀mejì, síkírìnì lákọ̀ọ́kọ́ àti serial lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kernel á jáde síbi méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tó kẹ́yìn ni yóò di /dev/console, níbi tí àwọn ètò yòókù ti ń sọ̀rọ̀. Bí wàhálà bá tún ṣáájú ìgbà tí dírẹ́bà gan-an jí, earlycon wà, ẹnu kékeré tí kì í lo IRQ, tó kàn ń ju lẹ́tà sínú chip lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn kò ní ihò ẹlẹ́yín 9 mọ́ ń lo wáyà USB. Dírẹ́bà tirẹ̀ yàtọ̀: ch341, ftdi_sio, pl2303, cp210x, gẹ́gẹ́ bí chip inú rẹ̀ bá ṣe jẹ́, ihò náà á sì máa jẹ́ /dev/ttyUSB0. Ọ̀nà yìí ni mo gbà ń ka inverter ilé mi, tó ń lo baud 2400 péré. Bí ètò yín bá ní òun kò ní àṣẹ láti ṣí ihò náà, ẹ má tíì dá dírẹ́bà lẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá orúkọ yín wà nínú ẹgbẹ́ dialout.

A padà sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ ẹ̀rọ tó ń sọ kántankàntan. Lórí irú ẹ̀rọ ARM báyìí, kò sí 0x3F8 tí gbogbo ayé mọ̀, dírẹ́bà kì í sì í kan ilẹ̀kùn kiri. Fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní device tree ló ń sọ fún kernel pé chip báyìí wà níbí, aago tó ń lò nìyí. Kernel gba ọ̀rọ̀ fáìlì náà gbọ́. Raspberry Pi 3 ní UART méjì. Èyí tó lágbára, PL011, ni wọ́n fún Bluetooth. Èyí tó kéré, mini UART, ni wọ́n gbé sí ẹsẹ̀ 14 àti 15. Mini UART kò ní aago tirẹ̀. Aago gbùngbùn chip ńlá náà ló ń yá lò, aago yẹn sì máa ń lọ sókè sódò: 250 mílíọ̀nù lílù ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí iṣẹ́ kò pọ̀, 400 mílíọ̀nù nígbà tí iṣẹ́ bá dé.

Mo mú bébà, mo ní kí ọmọ náà ṣírò. Mini UART máa ń fi 8 pín aago, lẹ́yìn náà á tún fi nọ́ńbà tí kernel kọ sí i pín in. Fún 115,200 lórí 250 mílíọ̀nù, nọ́ńbà náà jẹ́ 271. Ó wá fi 271 yẹn kan náà pín 400 mílíọ̀nù. Ó kọ 184,502 sílẹ̀, ó wò mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ìdá 5 lẹ ní a ní.”

“Èló ni tiwa?”

“Ó fi ìdá 60 jù ú lọ.”

A yọ káàdì, a ṣí fáìlì config.txt, a kọ enable_uart=1 sínú rẹ̀. Lórí Pi 3, ìlà yẹn kò kàn ṣí ihò sílẹ̀. Ó tún ń so aago gbùngbùn mọ́ 250 kó má baà rìn mọ́. A dá káàdì padà, a fi iná sí i. Lẹ́tà tó jáde lọ́tẹ̀ yìí mọ́ gaara. Booting Linux on physical CPU 0x0. Ìlà ń tẹ̀ lé ìlà: ìwọ̀n ìrántí ẹ̀rọ, orúkọ chip, ìlà àṣẹ tí a fún un. Ọmọ náà ń kà á sókè bí ẹni ń ka lẹ́tà tó ti òkè òkun dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kernel kọ ìlà kan, ó sì dúró: Unable to mount root fs.

Kò rí ibi tí gbogbo fáìlì wà. Ọmọ náà yí padà sí kọ̀ǹpútà tí a ti ṣe kernel, ó ṣí ìṣètò wa, ó wá dírẹ́bà tó ń ka káàdì. CONFIG_MMC_BCM2835, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni m wà. Fáìlì dírẹ́bà náà wà lórí káàdì tí dírẹ́bà náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà. Láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn, ní gbogbo ìgbà tí a bá fi iná sí i, ohun tí kernel ń sọ fún wa nìyẹn. Ó pa m rẹ́, ó tẹ y, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kernel náà lọ́tun.